Ọmọ mi ń lọ kàwé ní Bùràsíìlì: ọ́fíìsì wo ló ni kí ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi ọkùnrin rí àyè sí yunifásítì kan ní Salvador, ìpínlẹ̀ Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Físà rẹ̀ ti jáde, ṣùgbọ́n a ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Wọ́n ní ìjọba wọn rí bíi tiwa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Irú èèyàn wo ló ń gbé ibẹ̀, ṣé ọmọ mi kò ní dá yàtọ̀ láàárín wọn? Bí ọ̀rọ̀ ìwé, àìsàn tàbí ọlọ́pàá bá sì délẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni kó gbà lọ? Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, láti Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọmọ, mà. Ògbufọ̀ èdè Potogí ni mí, ìwé àwọn tó ń lọ sí Bùràsíìlì ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó ń kọjá lọ́wọ́ mi. Ohun tó máa ń fìyà jẹ àwọn ọmọ wa níbẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn tí kò ni ọ̀rọ̀ wọn ni wọ́n máa ń lọ kàn. Wọn á tò sórí ìlà láti àárọ̀, wọn á dé iwájú, wọn á wá gbọ́ pé, "Kì í ṣe ibí."

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọkàn yín balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ibẹ̀. Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní 2022 fi hàn pé wọ́n tó mílíọ̀nù 203. 2020 ló yẹ kí wọ́n kà á, àrùn kòrónà ni kò jẹ́. Bí akànìyàn bá kan ilẹ̀kùn, á béèrè àwọ̀ onílé, onílé fúnra rẹ̀ ló sì máa fẹnu yan ọ̀kan nínú márùn-ún: funfun, dúdú, pardo (ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà pọ̀), amarelo (àwọn tí ìran wọn wá láti Japan àti agbègbè rẹ̀), tàbí ọmọ onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí àwọn Potogí tó gúnlẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, 45.3 ló pe ara wọn ní pardo, 43.5 ní funfun, 10.2 ní dúdú. Ẹ má jẹ́ kí 10.2 yẹn já yín láyà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2010 ka pardo àti dúdú pọ̀ sí ìran adúláwọ̀, àpapọ̀ wọn sì ju ìdajì orílẹ̀-èdè lọ. Ní Salvador gan-an, tí èèyàn bíi mílíọ̀nù 2.4 ń gbé, wọ́n ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá. Ọmọ yín á wọkọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní yíjú wò ó.

Àwọn ará ibẹ̀ kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin ọmọ Áfíríkà lọ tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì kí òfin tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ ní 1888, àwọn èèyàn wa sì wà nínú wọn. Nàgó ni wọ́n ń pè wá ní Bahia. Yóò rí obìnrin tó wọ aṣọ funfun báláú, tó wé gèlè, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, tó ń fi epo pupa din àkàrà. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Inú mi máa ń dùn nígbàkígbà tí mo bá rí i. Ṣùgbọ́n kó má rò pé Yorùbá á tó o rajà. Potogí ni kó kọ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ní ti ìjọba, òótọ́ ni pé ó jọ tiwa lókèèrè. Ààrẹ wà, gómìnà wà, sẹ́nétọ̀ wà, ìjọba ìbílẹ̀ náà wà. Òfin ìṣèjọba tí wọ́n ń lò láti 1988 ni wọ́n kọ lẹ́yìn tí àwọn ológun ti lo ọdún mọ́kànlélógún lórí àléfà, láti 1964 sí 1985. Ìpínlẹ̀ 26 ni, pẹ̀lú agbègbè olú-ìlú, Brasília. Ìkọ̀ọ̀kan ń rán sẹ́nétọ̀ mẹ́ta lọ, wọ́n jẹ́ 81. Aṣojú-ṣòfin jẹ́ 513, bí èrò ìpínlẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń pín in, ṣùgbọ́n kò sí ìpínlẹ̀ tó lè ní ju 70 lọ tàbí kó dín sí mẹ́jọ. Ọdún mẹ́rin ni ààrẹ ń lò, ó sì lè ṣe ẹ̀ẹ̀kejì tẹ̀lé e. Bó bá sinmi, ó tún lè padà, bí Lula ṣe ṣe nígbà tó tún gorí oyè ní January 1, 2023.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí tiwa ni ìsàlẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ wọn lé ní 5,500, kì í sì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ gómìnà. Serra da Saudade, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais, kò ní ju èèyàn 833 lọ nígbà ìkànìyàn yẹn, síbẹ̀ ó ní olórí tí wọ́n dìbò yàn àti ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí São Paulo tó ní èèyàn tó ju mílíọ̀nù mọ́kànlá lọ. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń dìbò ìbílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, ilé ẹjọ́ ètò ìdìbò ló sì ń darí rẹ̀, gómìnà kò lọ́wọ́ sí i. Olùdìbò á tẹ nọ́ńbà ẹni tó fẹ́ sínú ẹ̀rọ, àwòrán onítọ̀hún á yọ, á wá tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé, ó parí. Ó wù mí kí irú rẹ̀ wà nílé. Dandan ni ìdìbò fún ọmọ orílẹ̀-èdè láti ọdún 18 dé 70, àmọ́ kò kan ọmọ yín. Àlejò kì í dìbò.

Ó wá ku ilẹ̀kùn tó máa kàn. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Láàárín 90 ọjọ́ tó bá wọlé, kó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Polícia Federal, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe káàdì àlejò, CRNM. Kó má jẹ́ kí ọjọ́ yẹn lé e bá, ìtanràn wà níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà ló ń fúnni ní CPF, nọ́ńbà owó orí tó jẹ́ ẹyọ mọ́kànlá. Wọ́n á béèrè rẹ̀ ní báǹkì, níbi tó ti fẹ́ ra síìmù, kódà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ọ́fíìsì kọ́ńsúlù Bùràsíìlì lè bá a ṣe é kó tó kúrò nílé, ẹ má fi falẹ̀.

Àìsàn: ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bójú tó posto de saúde, ilé ìlera àdúgbò. Abẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní SUS ló wà, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú, àlejò náà sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kó lọ béèrè káàdì SUS kó tó ṣàìsàn.

Ọlọ́pàá tó máa rí ní títì, Polícia Militar, abẹ́ gómìnà ló wà, orúkọ yẹn kò sọ ọ́ di ṣọ́jà. 190 ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá ja ọmọ yín lólè, Polícia Civil ni yóò lọ fẹjọ́ sùn, àwọn ló ń ṣèwádìí. Ọkọ̀ pàjáwìrì aláìsàn ni 192. Kó há àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sórí ní Potogí ní ọjọ́ tó bá ti mọ̀ ọ́n, torí ibi tó wà ni ẹni tó bá gbé ìpè yẹn máa kọ́kọ́ bi í.