Ṣé àárẹ̀ ara ni "ó ń rẹ̀ mí" àbí ti ọkàn?

Àbúrò kan béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ "ó ń rẹ̀ mí" ṣáá ni màmá òun ń sọ látìgbà tí wọ́n ti ṣọ̀fọ̀, nígbà tí dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, àti pé ṣé àrùn ìdílé ni.

Màmá ò ṣìsọ o. Ẹni tó toko dé, ó rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀, ẹ ó gbọ́ "ó rẹ Bàbá díẹ̀". Ẹni tí ayé sú náà, "ó ti rẹ̀ mí" ló máa sọ. Àwọn kan ní èdè wa ò tó ló fà á, èmi ò gbà. Ẹ rántí ìgbà tí ibà mú yín kẹ́yìn: àmàlà gbígbóná pẹ̀lú ewédú wà níwájú yín, ẹ kàn ń wò ó, ẹ ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá yín sọ̀rọ̀, ẹ kọjú sógiri. Kì í ṣe kòkòrò ibà nìkan ló ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá àrùn jà ló ń tú nǹkan bíi IL-6 (èròjà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ kiri ara) sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló ń sọ fún ọpọlọ pé kó fara balẹ̀. Nǹkan yẹn náà lè kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá ọkàn: àwọn alárùn ẹ̀dọ̀ hepatitis C tí wọ́n máa ń gún lábẹ́rẹ́ interferon (oògùn tó ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí) tẹ́lẹ̀, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ìrẹ̀wẹ̀sì gidi mú lẹ́nu ìtọ́jú yẹn, ìwádìí kan ní 2009 sì rí i pé àwọn tí jíìnì (àbùdá tí a jogún) IL-6 tiwọn kì í pèsè púpọ̀, tiwọn ò fi bẹ́ẹ̀ le.

Ti ìdílé ńkọ́? A máa ń jogún ìrẹ̀wẹ̀sì látìdílé lóòótọ́, ìwádìí lára àwọn ìbejì fi ipa tí àjogúnbá kó nínú ẹ̀ sí nǹkan bíi 37%, àmọ́ kì í ṣe bíi fòníkú-fọ̀ladìde tí AS bá AS pàdé. Ní 2019 wọ́n ka ibi 102 nínú jíìnì èèyàn tó lọ́wọ́ sí i, agbègbè tí jíìnì àwọn ọmọ ogun ara pọ̀ sí wà lára ẹ̀, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì ju bíńtín lọ. Alárinà ayé àtijọ́ tó ń wádìí wèrè, wárápá àti ẹ̀tẹ̀ nílé ìyàwó (ẹ̀tẹ̀ gan-an, kòkòrò ló ń fà á, wọ́n kàn fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ ni), kò lè rí eléyìí.

Ẹ jẹ́ kí màmá máa lo oògùn wọn, kí dókítà sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò pẹ̀lú, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ náà máa ń rẹni bẹ́ẹ̀.