Láùnjì dáa o, ṣùgbọ́n ẹ má sùn bí mo ṣe sùn

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Mo ka ìbéèrè yín, pé ẹ ń gbé màmá lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín ní Houston ní Jánúárì, pé Abùjá lẹ ti máa wọ bàálù, ẹ ó yà ní Istanbul, màmá ti lé ní 70, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, ṣé kẹ́ ẹ sanwó láùnjì, yàrá ìsinmi onísanwó tó wà ní ẹapọ́ọ̀tù, fún wọn àbí ìfowóṣòfò ni. Ẹ sanwó ẹ̀. Ìdáhùn mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí nínú láùnjì fún yín, kẹ́ ẹ má bàa san irú owó tí mo san.

Aṣọ ni mò ń tà ní Wúsè. Laleli ní Istanbul ni mo ti máa ń kó o, bí dọ́là bá sì gbà mí láyè mo máa ń dé Guangzhou ní Ṣáínà, torí náà ojú mi ti mọ ẹapọ́ọ̀tù Abùjá yẹn dáadáa. Mo ti ń gba ibẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ilé tuntun yìí ní Dìsẹ́ńbà 2018, nígbà tó jẹ́ pé ilé àtijọ́ là ń há ara wa mọ́ bí èrò mólúè. Kódà lọ́dún 2017 tí wọ́n ti pápá Abùjá pa fún ọ̀sẹ̀ 6 torí àtiṣe ojú ibi tí bàálù ń bà sí, Kàdúná ni mo ti wọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ bàálù Ethiopian nìkan ló gbà láti máa wá síbẹ̀ nínú gbogbo àwọn bàálù òkè òkun, bọ́ọ̀sì ló gbé wa láti Abùjá, ọlọ́pàá níwájú, ọlọ́pàá lẹ́yìn. Nígbà tá a débẹ̀ orí Ghana-must-go mi ni mo jókòó lé fún wákàtí mẹ́rin, ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ pé tówó bá ti wà, èmi àti jíjókòó lé báàgì, ó tán.

Bí mo ṣe di èrò láùnjì nìyẹn.

Ó wá di ọjọ́ kan, Istanbul ni mò ń lọ, òru ni bàálù máa gbéra. Òru méjì ni mi ò tíì fojú kan oorun dáadáa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bímọ, èmi ni mo ń dáná ìkómọ, èmi náà ni mo tún ń lé àwọn oníbàárà kiri kí wọ́n san gbèsè kí n tó lọ. Kúbwà nilé mi, gósílò sì mú wa láti Berger títí a fi kọjá Lúgbè, nígbà tí mo fi máa tẹ báàgì sílẹ̀ tán, tí mo kọjá lọ́dọ̀ àwọn ìmíkírésọ̀n, ara mi ti di ẹ̀fọ́ tó ti rọ. Mo wọ láùnjì. Háà! Ẹ́síì tútù rinrin, ilẹ̀ ń dán, kò sí ọmọ tó ń ké, kò sí ẹni tó ń pariwo "ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé kílò méjì". Àga aláwọ kan wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn òpó, èyí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti fẹ̀yìn tì í ẹsẹ̀ á gbéra nílẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo bu jọ̀lọ́ọ̀fù, mo bu dòdò, mo mú míìtì páì kéékèèké tí ò ju àtàǹpàkò lọ yẹn, mo fi zóbò tútù lé e. Àwo méjì ni mo jẹ. Kí n má parọ́, mẹ́ta ni.

Fóònù mi wà ní 9%, ibi ìṣájì ẹ̀gbẹ́ àga mi ò gbéná, mo bá lọ kì í mọ́ ògiri lọ́hùn-ún lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo ṣe álámù sórí ẹ̀ o, mi ò ya dìndìnrìn tó bẹ́ẹ̀. Mo yọ bàtà, mo fi ìborùn bo ẹsẹ̀, mo ní kí n kàn di ojú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Álámù ké títí lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọkùnrin ń pariwo góòlù, ta ló fẹ́ gbọ́ álámù.

Ọmọbìnrin tó ń nu ilẹ̀ ló fi máàpù kàn mí lẹ́sẹ̀ tí mo fi jí. Alhájì kan tó jókòó kọjú sí mi, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ ẹ̀, bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní Istanbul. Ó wo aago ọwọ́ ẹ̀, ó tún wo ojú mi, ó rọra sọ ọ́ bí ìgbà téèyàn ń túfọ̀: "Hajiya, jirginki ya tashi," pé bàálù mi ti gbéra. Mo gbọ́ Haúsá dáadáa, ọdún 19 ni mo ti wà nílùú yìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Mo sáré. Ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ìkejì lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé géètì wọ́n ti tilẹ̀kùn, bàálù ṣì wà nílẹ̀ o, mò ń wò ó látojú fèrèsé, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí mi. Mo bẹ̀bẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ tán bí mo ṣe jẹ́ obìnrin, wọn ò dá mi lóhùn. Ibẹ̀ ni mo ti rí báàgì mi méjèèjì, tí mo so ribọ́ọ̀nù pupa mọ́, lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń padà bọ̀. Bí èèyàn ò bá wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ já ẹrù ẹ̀ sílẹ̀ ni, òfin ààbò ni, bàálù ò ní gbé báàgì tí ẹni tó ni ín ò bá a lọ.

Mo padà lọ bá àwọn ará láùnjì pẹ̀lú ìbínú, pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò pè mí. Ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò bá mi jà, ó kàn na ọwọ́ sí pátákó kékeré kan lórí tábìlì: àwọn kì í kéde bàálù níbẹ̀. Mo ti kọjá lára pátákó yẹn tó ìgbà mẹ́wàá láyé mi. Ọ̀pọ̀ láùnjì ló rí bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an lẹ ń sanwó fún. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi láti yí tíkẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú owó ìtanràn pé mi ò yọjú, ó ju gbogbo owó láùnjì tí mo ti ná látìgbà tí mo ti ń rìnrìn àjò lọ. Ẹ má béèrè iye ẹ̀, ọkọ mi ò tíì mọ̀ dòní.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má wo àga tó rọ̀ jù, ẹ wo àga tó kọjú sí síkírínì tó ń gbé orúkọ bàálù, kẹ́ ẹ fi màmá síbẹ̀. Fóònù yín kó má kúrò lára yín, ẹ gbé power bank dání (inú báàgì ọwọ́ ló ń wà o, wọn ò gbà á nínú ẹrù ìsàlẹ̀). Aago tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí bàálù máa kúrò nílẹ̀ ni, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ máa dé géètì, wọ́n ti máa ń ti géètì ní bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 ṣáájú ẹ̀. Pẹ̀lú orúnkún màmá, èmi á kúrò nínú láùnjì nígbà tó bá ku wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹni tó bá ní ó ti yá jù, ẹ bi í bóyá òun ni yóò san ìtanràn.

Ẹ gba wíìṣíà fún wọn. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ fún ilé-iṣẹ́ bàálù ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú, ẹ má dúró di ọjọ́ náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ẹni tó ń ti wíìṣíà máa já màmá sí láùnjì, á sì lọ ti ẹlòmíì, ó lè gbàgbé yín síbẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹ̀, ẹ dá aago fún un, ẹ fún un ní nǹkan díẹ̀ tó bá padà dé, kì í ṣe kó tó lọ. Ẹ ti mọ ìdí ẹ̀.

Ní ti owó, ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì business ò ní sanwó, àwọn mìíràn ní Priority Pass, ìyẹn káàdì tí wọ́n fi ń wọ láùnjì, àwọn mìíràn ń lo káàdì báńkì wọn, àwọn tó kù ń san án lẹ́nu ọ̀nà. Ti káàdì báńkì ni kẹ́ ẹ fura sí. Èmi ní káàdì kan tí wọ́n sọ pé ọ̀fẹ́ ni, mo fi gbé àbúrò mi obìnrin wọlé pẹ̀lú ìgbéraga, mo ń pàṣẹ fún un pé "jẹun o, jẹun", lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni àlẹ́ẹ̀tì wọlé: wọ́n ti gé owó àlejò, dọ́là ni wọ́n sì fi gé e. Èmi nìkan ni ọ̀fẹ́ wà fún, tèmi gan-an níye ìgbà lọ́dún. Ẹ pe báńkì yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀melòó, àti pé ṣé ó kan màmá. Ẹ tún bi àwọn láùnjì pé wákàtí mélòó ni wọ́n fún yín, ibi tó pọ̀ ló jẹ́ wákàtí 3. Èyí ṣe pàtàkì torí Jánúárì tẹ́ ẹ ní, ọyẹ́ ni. Tí eruku bá bo Abùjá, bàálù ò ní rí ilẹ̀ bà sí, ẹ lè jókòó di ìdájí. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni owó láùnjì máa ń dùn ún san, àwọn tó wà níta á ti máa tẹ́ ìró sílẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí màmá jẹun, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fẹnu kan ẹ̀wà, ì báà jẹ́ mọ́ín-mọ́ín. Mi ò ṣeré. Afẹ́fẹ́ inú bàálù máa ń dà bí ti ẹni tó wà lórí òkè tó ga tó 6,000 sí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, Jos tí a ń pè ní orí òkè ò ju bíi 4,000 lọ. Bí ẹ ṣe ń gòkè, gáàsì tó wà níkùn á máa wú. Mo jẹ mọ́ín-mọ́ín ẹlẹ́mìí méje kí n tó wọ bàálù láti Addis Ababa ní Ethiopia lọ Guangzhou, wákàtí bíi 10, àárín ni mo jókòó sí, ọkùnrin ará Ṣáínà kan lápá ọ̀tún mi, pásítọ̀ lápá òsì. Ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀.

Iyọ̀ náà, kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n mu omi dáadáa torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń gbẹ ọ̀fun. Ẹsẹ̀ mi wú débi pé bàtà tí mo wọ̀ láti ilé ò wọ ẹsẹ̀ mi mọ́ nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, sílípáàsì ni mo fi wọ ìlú. Fún ẹni tó ti lé ní 70, ẹ bi dókítà wọn nípa ṣọ́kíìsì tó ń fún ẹsẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa nà díẹ̀díẹ̀ nínú láùnjì àti nínú bàálù, bí orúnkún bá ń dùn wọ́n náà, kí wọ́n di yín mú. Gbogbo oògùn nínú báàgì ọwọ́. Tí wọ́n bá ń gún ínsúlíìnì, kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀, òtútù ibẹ̀ lè bà á jẹ́.

Istanbul kò jọ Abùjá o. Ẹapọ́ọ̀tù ọ̀hún, ẹ lè rìn títí ẹsẹ̀ á fi sọ̀rọ̀, nítorí náà wíìṣíà ibẹ̀ náà ẹ béèrè ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Abùjá. Mo wọ láùnjì àwọn oní-business Turkish níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ń yan búrẹ́dì pìdé lójú wa, ibi ìwẹ̀ wà, omi gbígbóná ya lù mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n láùnjì ilé-iṣẹ́ bàálù yàtọ̀ sí ti onísanwó, káàdì yín lè má ṣílẹ̀kùn ẹ̀. Bàálù tó ń lọ Amẹ́ríkà, wọ́n tún máa ń yẹ èèyàn wò, wọ́n á sì bi yín ní ìbéèrè létí géètì kẹ́ ẹ tó wọlé, nítorí náà ní Istanbul ẹ tètè kúrò ju ti Abùjá lọ. Wákàtí 12 àti jù bẹ́ẹ̀ ló kù níwájú yín láti ibẹ̀, kí màmá wẹ̀ tàbí kí wọ́n fi tówẹ̀lì nu ara, kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ, wọ́n á gbádùn ẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Ẹ sì tún ní màmá ti ra kílíṣí Kánò fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Amẹ́ríkà ò gba ẹran láti Nàìjíríà wọlé, wọ́n á gbà á, wọ́n á dà á nù lójú wọn, bí ẹ bá sì fi pamọ́ wọ́n á bu owó lé yín. Tẹ́ ẹ bá ti jókòó sí láùnjì Abùjá, ẹ tú u, ẹ fi zóbò tì í, ẹ fún Alhájì tó bá wà nítòsí, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tán níbẹ̀.