Èsì: Píánò bo ohùn ọmọ mọ́lẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin, ọmọ ọdún 13, ń kọ Heidenröslein, orin èdè Jámánì tí Schubert, olórin ará Austria, ṣe lọ́dún 1815, àmọ́ píánò nìkan lẹ ń gbọ́ nínú ohun tí ẹ gbà sílẹ̀.

Ẹ má bá ẹni tó ń tẹ píánò wí. Orí píánò lẹ gbé fóònù lé, kí ni kò ní jẹ́ kó gbọ́ píánò ju ọmọ lọ? Ẹ yá máíkì tó ń gbọ́ iwájú rẹ̀ nìkan. Ẹ gbé e síwájú ọmọ, bí ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí píánò. Ẹ pa ìdérí píánò dé. Fáànù àti jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹ pa wọ́n.

Ẹ tún béèrè bóyá kí ẹ kọ́kọ́ gba píánò sílẹ̀, kí ọmọ wá kọrin lé e. Èmi ò fara mọ́ ọn, pàápàá fún orin yìí. Ẹsẹ mẹ́ta ló ní, ohùn kan náà ni, bí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan bá sì ń lọ sópin, orin á rọ̀, á dúró díẹ̀. Píánò tí ẹ ti gbà sílẹ̀ ò mọ ìgbà tí ọmọ fẹ́ mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ ṣe é, kí wọ́n máa wo ojú ara wọn.

Kíì G ni Schubert kọ ọ́ sí, ìyẹn ìpele ohùn tí orin náà dúró lé. Bí ọrùn ọmọ bá ń le lókè, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí F tàbí E-flat. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá.