Ṣé họ́mọ́ònù ara wa náà ń mú ẹ̀jẹ̀ dì?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣàgámù ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 23 ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ, ó kù díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹsẹ̀ òsì wọn wú gbọ̀ngbọ̀n, ọ̀tún ò wú, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan àti pé họ́mọ́ònù oyún wà nínú ohun tó fà á. Wọn ò lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí rí! Ṣé họ́mọ́ònù tí Ọlọ́run dá mọ́ wa náà ń ṣe báyẹn ni? Èmi tí mò ń rí nǹkan oṣù mi déédéé ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀ lórí tìẹ. Họ́mọ́ònù tó ń lọ sókè-sódò lóṣooṣù kéré, ọmọge tí ara ẹ̀ dá kì í sábà tìtorí ẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ dídì. Oyún ló yàtọ̀, ẹstrójìn, ìyẹn họ́mọ́ònù obìnrin kan, á pọ̀ gan-an, á máa sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó pèsè ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì sílẹ̀, torí ọjọ́ tí ibi ọmọ bá já kúrò, ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣàn ṣàn tí ò dá lè pa ìyá, àmọ́ ohun kan náà yẹn ló ń di wàhálà tó bá dì síbi tí ò yẹ. Òsì ló sì sábà máa ń jẹ́ fún aboyún, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà tó ń tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀ nínú ikùn.

FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣírò ẹ̀ báyìí: nínú 10,000 obìnrin lọ́dún kan, 1 sí 5 ló ń ní ẹ̀jẹ̀ dídì láìlóyún láìlo píìsì (oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ń gbé mì), àwọn tó ń lo píìsì tó ní ẹstrójìn 3 sí 9, aboyún 5 sí 20, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, 40 sí 65. Ẹ wá ń sá fún píìsì ẹ ò sá fún oyún, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Píìsì tí wọ́n ń pè ní "àdánidá", tí ẹstrójìn inú ẹ̀ dà bíi ti ara wa, náà o, ẹnu la fi ń gbé e mì, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà kọjá, kò bọ́ lọ́wọ́ ewu yẹn.

Àwọn ìyá wa a ní kí ìyá ìkókó jókòó sínú yàrá, wọ́n á sì fi róòbù wọ́ ẹsẹ̀ tó wú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ́ ọ! Tí èémí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ṣàdédé ń já tàbí àyà ń dùn wọ́n, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ òru. Abẹ́rẹ́ hẹ́párìn, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí wọ́n ń gún fún ẹ̀jẹ̀ dídì, ò ní kí wọ́n má fọ́mọ lọ́mú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìfètòsọ́mọbíbí, kí wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀jẹ̀ ti dì rí, ó máa fún wọn ní èyí tí ò ní ẹstrójìn.