Èsì: Ohun tí a lè pò mọ́ ògì ọmọ oṣù 7

Ìyá Àyọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní owó Cerelac ti ga jù, ẹ sì ń béèrè ohun tí ẹ lè pò mọ́ ògì. Sóyà ni mo fi tọ́ tèmi: mo ṣà á, mo sè é, mo bó èèpo rẹ̀, mo sá a gbẹ, mo yan án títí ó fi ń ta sánsán, kí n tó lọ̀ ọ́. Ẹ pò ó mọ́ ògì, kí ẹ sè é jinná dáadáa. Kó ki o! Bí ẹ bá gbé ṣíbí sókè, kó má ṣàn dànù. Ẹ kán epo pupa díẹ̀ sí i. Ẹ má fi oyin sí i rárá títí ọmọ yóò fi pé ọdún 1. Ọmú ṣì ńkọ́? Ẹ má jáwọ́ o.