Iṣẹ́ aṣọ́gbó ní àárín àwọn ará ilé ẹni

Àbúrò mi, o ní o ti gba BAC, ìwé ẹ̀rí ìparí girama, Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ níbí lo wà, o fẹ́ di fọrẹsitíyè, ìyẹn aṣọ́gbó ìjọba, kí o máa ṣọ́ ẹran igbó àti ẹja. Bàbá rẹ ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Màmá rẹ ní wọ́n á yìnbọn pa ọ́ sínú igbó. Obìnrin bíi tìrẹ lèmi náà, aṣọ aṣọ́gbó ni mo ń wọ̀, agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo sì ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Máa bá a lọ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ibi tó ti le gan-an.

Ìwé kọ́. Kétu níbẹ̀ ni École de Foresterie Tropicale, ilé ẹ̀kọ́ nípa igbó, wà, lábẹ́ Université Nationale d'Agriculture, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹlòmíràn ń ti apá àríwá lọ́hùn-ún wá síbẹ̀, ìwọ ò ní í ju kí o wọ ọ̀kadà lọ. Àmọ́ ìwé ẹ̀rí nìkan kì í sọ èèyàn di aṣọ́gbó. Kọ́ńkúù, ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ ti ìjọba, ló ń gbani wọlé, kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo ni wọ́n ń ṣe é. Tí o bá yege, ẹ̀kọ́ bíi ti sójà ń dúró dè ọ́. Bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárọ̀ láti òní. Mo ti rí àwọn ọmọbìnrin tó mọ̀wé dáadáa tó jẹ́ pé eré sísá ló dá wọn padà sílé.

Ti ẹja tí o dá pọ̀ mọ́ ọn, ọ̀tọ̀ ni ní Bẹ̀nẹ̀ tiwa. Igi àti ẹran igbó ló wà lọ́wọ́ Eaux, Forêts et Chasse, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba tiwa aṣọ́gbó. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ẹja wà, òfin ọdún 2014 ni wọ́n sì ń lò. Akaja, ìyẹn ẹ̀ka igi tí wọ́n ń rì mọ́ inú ọ̀sà kí ẹja lè kó síbẹ̀, àti àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tó ń kó ọmọ ẹja mọ́ ìyá rẹ̀, ni wọ́n ń bá àwọn apẹja jà lé lórí ní ọ̀sà Nokoué àti lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọkàn rẹ wà, ilé ẹ̀kọ́ nípa ẹja tó wà ní Adjohoun ni kí o wò, kì í ṣe ti Kétu.

Mi ò ní í purọ́ fún màmá rẹ. Lápá àríwá, ní ọgbà ẹranko Pendjari àti ọgbà W, ewu ibẹ̀ kì í ṣe ti ọdẹ mọ́, ti àwọn agbébọn ni. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àdó olóró tí wọ́n rì mọ́jú ọ̀nà pa àwọn ẹ̀ṣọ́ nínú ọgbà W. Àjọ African Parks ló ń bójú tó ọgbà méjèèjì báyìí. Tí o bá fẹ́ lọ síbẹ̀, jókòó pẹ̀lú àwọn òbí rẹ kí ẹ sọ ọ́ tán kí o tó kọwọ́ bọ̀wé.

Níhà tiwa, ojú ni iṣẹ́ náà wà. A dá ọkọ̀ èédú kan dúró nígbà kan lójú ọ̀nà Kílíbò, Kútọnu ló ń lọ. Wọ́n ní èédú igi kajú ni, láti oko ara wọn. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo fa ọ̀kan jáde. Ó wúwo lọ́wọ́, nígbà tí mo sì fi kan irin ọkọ̀, ó dún gbọnrangandan. Igi apá ni, kì í ṣe kajú. Obìnrin tó ni ín sọ̀ kalẹ̀, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ìwọ náà ni?" Ìyá ilé ọkọ mi ni. Mo kúnlẹ̀ kí i nínú aṣọ ìjọba lójú gbogbo èèyàn, mo dìde, mo sì kọ ìtanràn rẹ̀ pé pérépéré. Wọn ò dá mi lóhùn nílé ọkọ fún ìgbà pípẹ́. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe fún ọ, má wulẹ̀ wọ aṣọ náà.

Owó tí wọ́n máa nà sí ọ lóru lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ igi lè ju owó oṣù rẹ lọ. Ọ̀gá rẹ lè sọ pé kò sí epo nínú alùpùpù, kí o sì máa gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ìgégi nínú igbó ìjọba títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó ń dunni wọra. Mo ti sunkún nítorí ẹ̀.

Àwọn ọdẹ ló kọ́ mi níṣẹ́ jù. Bàbá ọdẹ kan ló fi okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ hàn mí, bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ ọ̀pá tútù tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ, tí wọ́n á fi ewé ra á kí ẹtu má baà gbóòórùn ọwọ́ èèyàn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí tàkúté tí mo ti máa ń kọjá lára rẹ̀. Lọ jókòó tì wọ́n, kí wọn bó ṣe yẹ, sọ fún wọn pé òfin ọdún 2021 ti mú ọ̀ràn akika le, kó má baà jẹ́ pé ẹjọ́ ni wọ́n á ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi gbíngbìn ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀. Lọ bá àwọn aṣọ́gbó Kétu kó tó dé, ní o fẹ́ bá wọn gbin igi, kí o sì mú bàbá rẹ dání. Á rí àwọn obìnrin tó wà láàárín wọn fúnra rẹ̀.