Ọmọ Tó Wọ Wáyà Eyín Ń Lọ Lo Ìsinmi ní Ilẹ̀ṣà

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ Ilẹ̀ṣà ni mí, Houston ni mò ń gbé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 13, ti wọ wáyà eyín láti ìgbà Kérésìmesì, ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ilẹ̀ṣà ni yóò sì ti lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ yìí. Ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tí wọ́n tú wáyà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, eyín rẹ̀ tò lóòótọ́, àmọ́ àmì funfun kù yí ibi tí wọ́n lẹ àwọn irin kéékèèké tó di wáyà mú mọ́ ká, kò sì lọ títí di òní. Ìyá mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé pákò àti iyọ̀ lòun fi tọ́ eyín gbogbo wa. N kò fẹ́ bá wọn jiyàn lórí fóònù. Kí ni kí n dì sí ẹrù ọmọ yìí, kí ni kó má fẹnu kàn, bí irin kan bá sì já lẹ́nu rẹ̀ ńkọ́?

Èsì

Ìyá ọmọ, ẹ kú àníyàn. Birmingham ni èmi wà, Ilẹ̀ṣà ni ilé tiwa náà. Àwọn ọmọ mi ti wọ wáyà eyín, ọ̀dọ̀ màmá wa ni wọ́n sì ti ń lo ìsinmi lásìkò náà, torí náà ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa.

Ohun líle ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rù: egungun, èpà sísun, gúgúrú. Ó yẹ ká bẹ̀rù wọn, wọ́n lè já irin. Ṣùgbọ́n irin tó já, dókítà á lẹ̀ ẹ́ padà. Àmì funfun tí ẹ rí lẹ́nu ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, eyín fúnra rẹ̀ ló bà jẹ́ níbẹ̀. Ohun tó sì ń fà á ni ohun dídùn tí ọmọ ń jẹ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, pẹ̀lú etí irin tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọjú ìṣọ́ yín sí.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Oúnjẹ tó há sí etí irin máa ń di nǹkan yíyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ eyín, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sì kún inú rẹ̀. Bí ṣúgà bá ti kàn wọ́n, wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì yìí ló ń fa kálísíọ́ọ̀mù jáde lára eyín. Itọ́ ẹnu máa ń dá a padà, ṣùgbọ́n ó nílò àyè láti ṣiṣẹ́. Ọmọ tó bá jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ń fún itọ́ láyè. Èyí tó ń mu mínírà lẹ́kán-ùn-lẹ́kán-ùn kò fún un. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 péré, àmì yìí lè ti yọ. Ìsinmi ọmọ yín yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kó tó wọ bàálù, ẹ mú un dúró níbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ gbé ètè òkè rẹ̀ sókè. Iwájú irin kọ́ ni kí ẹ wò, àlàfo kékeré tó wà láàárín irin àti èrìgì ni. Ẹ wo eyín òkè méjì tó tẹ̀ lé àwọn eyín ńlá iwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń mú jù. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ nù ún kó gbẹ. Bí ibẹ̀ bá funfun bí ẹfun, tí kò dán bíi tàwọn yòókù, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ tètè fi han dókítà. Bí èrìgì bá sì wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí ó bá ń fọyín, búrọ́ọ̀ṣì kì í dé ibẹ̀ ni.

Fífọ rẹ̀ kò le, sùúrù ló gbà. Kó kọ́kọ́ dá orí búrọ́ọ̀ṣì sí òkè irin, kó tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀nà èrìgì. Lẹ́yìn náà kó yí i sí abẹ́ irin, kó fọ̀ ọ́ lọ sókè. Kó wá ki búrọ́ọ̀ṣì tínínrín abẹ́ wáyà bọ àárín irin kan sí èkejì. Bó bá ti tutọ́ dànù, kó má fi omi ṣan ẹnu, kí fluoride, èròjà inú ọṣẹ ìfọyín tó ń dáàbò bo eyín, lè dúró lára eyín. Ọṣẹ tó ní fluoride láti 1,350 sí 1,500 ppm (ìwọ̀n fluoride tí wọ́n ń kọ sára páálí) ni wọ́n ń fún ọmọ irú ọjọ́ orí rẹ̀ ní ìlú tí mo wà. Ẹ wo ara páálí tiyín, kí ẹ sì bi dókítà bóyá ó tó. Omi ìṣanu oní-fluoride náà dára, èyí tó jẹ́ 0.05%, àmọ́ kó jẹ́ lásìkò mìíràn, bíi kété tó bá ti ilé ìwé tàbí òde dé, kó má sì jẹ tàbí mu ohunkóhun fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Fífọyín alẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, torí itọ́ máa ń dín kù lójú oorun.

Nípa ti Màmá, ẹ má jiyàn rárá. Òótọ́ ni wọ́n sọ, pákò tọ́ eyín wa, pákò orin àtà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ṣùgbọ́n eyín tiwa kò ní irin lórí. Pákò kò lè wọ abẹ́ wáyà, rírún un sì lè já irin. Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára bí wáyà bá ha ọmọ lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí Màmá pò ó fún un, àmọ́ kò rọ́pò ọṣẹ ìfọyín. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi iṣẹ́ lé màmá wa lọ́wọ́: "Mà, ẹ bá mi ṣọ́ eyín àwọn ọmọ yìí lálẹ́. Bí wọ́n bá ti fọyín, omi nìkan ló kù o." Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tó jẹ bisikíìtì lórí ibùsùn nínú ilé yẹn mọ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará ni iṣẹ́ wà. Ẹ mọ bó ṣe rí fún ọmọ tó ti Amẹ́ríkà dé. Gbogbo ilé tó bá yà kí ni wọ́n á ti ṣí Fanta fún un, wọ́n á já bisikíìtì lé e, ọ̀sán kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ìfẹ́ ni, a kò sì lè kọ́ ọmọ pé kó máa kọ oúnjẹ àgbà. Kó kúnlẹ̀ gbà á, kó dúpẹ́, kó ní, "Ẹ ṣé mà, màá gbé e lọ fi jẹun nílé." Bó bá mu ún mọ́ oúnjẹ, aburú rẹ̀ dín kù púpọ̀. Gààrí oníṣúgà náà nìyẹn: kò sí wàhálà bó bá mu ún tán lẹ́ẹ̀kan, ife tó ń gbé kiri títí di ìrọ̀lẹ́ ni mò ń sọ.

Ní ti oúnjẹ, Ilẹ̀ṣà rọrùn fún ẹni tó wọ wáyà. Iyán, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà, ẹ̀kọ, dòdò, kò sí èyí tó fẹ́ já irin. Àsìkò àgbàdo tuntun ni yóò bá níbẹ̀: ẹ ní kí wọ́n máa fi ọ̀bẹ gé e kúrò lára ṣúkù. Èpà síse tó rọ̀ kò burú. Kó fi ìrèké sílẹ̀ pátápátá, ó ń já irin, ó tún ń pọn ṣúgà sẹ́nu. Èèpo gúgúrú máa ń wọ èrìgì. Yìnyín ńkọ́? Kó má rún un. Bí kọ́rì tàbí epo pupa bá pa àwọn rọ́bà kéékèèké tó so wáyà mọ́ irin láró, kò sí nǹkan kan, wọ́n á pààrọ̀ wọn.

Ẹ di búrọ́ọ̀ṣì olórí kékeré méjì, àwọn búrọ́ọ̀ṣì tínínrín, dígí ọwọ́, rọ́bà tó máa tó gbogbo ìsinmi, àti ìda tí wọ́n fi ń bo irin. Omi ìṣanu tó bá ju 100 ml lọ, inú ẹrù tó ń lọ sí abẹ́ bàálù ni kó wà.

Bí irin kan bá já ṣùgbọ́n tó ṣì wà lára wáyà, ẹ má fà á. Ẹ fi ìda bò ó, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà yín. Bí wáyà bá ń gún ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìda náà ni. Bó bá gbé irin mì, tó sì ń mí dáadáa, ó sábà máa ń bá ìgbẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n bó bá ń wúkọ́ tàbí tí èémí rẹ̀ kò já gaara, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi gúlù ọjà lẹ irin mọ́ eyín. Ilé ìwòsàn eyín OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú eyín ọmọdé tó sì ń to eyín. Ọ̀nà ibẹ̀ láti Ilẹ̀ṣà jẹ́ nǹkan bí 30 kìlómítà. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Ilẹ̀ṣà wà lábẹ́ OAUTHC kan náà. Kí wọ́n pè kí wọ́n tó lọ, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé ìtọ́jú rẹ̀ sínú fóònù Màmá.

Ẹ bá dókítà ṣètò kó rí i kó tó lọ, àti ní ọ̀sẹ̀ tó bá dé. Bí àmì funfun bá yọ pàápàá, díẹ̀ lára wọn máa ń rọlẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá tú wáyà, ìtọ́jú sì wà fún èyí tó bá kù. Kó má kàn ra oògùn tí wọ́n fi ń sọ eyín di funfun nígbà tí irin ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, torí ibi tí irin bò kò ní bá ìyókù dọ́gba.